ÌYÁ TÍ KÒ TI ÌLẸ̀KÙN: Ìrántí Màmá Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́



Bí a bá ń rìn kiri ní Mowe, ní Ìbàfò tàbí ní Ìfọ̀, kì í pẹ́ tí a ó fi rí ìwé ìkéde ìsìnkú ìyá àgbà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Àwòrán Màmá á wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè wọn, ọjọ́ orí wọn á wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ á sì tò tẹ̀lé ara wọn. Gbogbo ènìyàn á jẹ́rìí pé aláàánú ni Màmá, pé oúnjẹ kì í tán nílé wọn, pé wọ́n tọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ọmọ ara wọn. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó jẹ, a ó mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti tú àtíbàbà, tí olúkálùkù ti padà sí Èkó àti sí Abẹ́òkúta, àgádágodo ni a ó rí lẹ́nu ọ̀nà. Ilé tí ó ti ń bọ́ àdúgbò láti ọdún yìí wá á di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí ní ìloro.

Kí ni ó ń mú kí ilé ìyá ọ̀làwọ́ wà ní ṣíṣí? Kí ni ó sì ń tì í pa? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, a fẹ́ kí a jọ rántí ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Bí ènìyàn bá wọkọ̀ ní Mowe, tí ó kọjú sí ọ̀nà Ìbàdàn ní òpópónà márosẹ̀, yóò kan Ṣàgámù. Láti Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà mọ́. Ìlú kékeré ni, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ilẹ̀ obì. Níbẹ̀ ni a bí Màmá Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n gbé di arúgbó, níbẹ̀ ni wọ́n sì sinmi sí.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ga tàbí láti bu òmíràn kù. Ọ̀pọ̀ ìwé ti sọ nípa Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọkọ wọn. Ìyá ilé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí.

ỌMỌ KAN ṢOṢO TÍ Ó YÈ

A bí Màmá ní 25 oṣù kọkànlá ọdún 1915. Moses Odùgbèmí Adélànà ni bàbá wọn, Elizabeth Oyèsílé sì ni ìyá wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Ìdòwú ni ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ tí ìyá náà bí, ọmọ yìí nìkan ni ó yè fún un.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ìyá tí ọmọ kan ṣoṣo ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ a máa di ọmọ náà mú bí ẹyin. Kì í fẹ́ kí ó kọjá ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ ìyá yìí gbà kí ọmọ rẹ̀ fi Ìkẹ́nnẹ́ sílẹ̀ lọ sí Èkó, sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, èyí tí a ti dá sílẹ̀ láti 1879. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ilé ìdáná ni ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ń pin sí.

Nítorí náà, kí a tó sọ pé Màmá lawọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ìyá wọn ni ìlawọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ó lè yọ̀ǹda ọmọ kan ṣoṣo fún ẹ̀kọ́ ti kọ́ ọmọ náà pé ohun tí a fẹ́ràn kì í ṣe ohun tí a ó máa há mọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá rí ìyá rẹ̀ tí ń fi ọwọ́ lílẹ̀ fúnni kò ní í ka fífúnni sí àdánù nígbà tí ó bá dàgbà.

OWÓ ỌJÀ NI Ó ṢÍ ÌLẸ̀KÙN

Ní 26 oṣù kejìlá ọdún 1937, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bíi tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé olówó ni wọ́n fẹ́. Ọdọ́mọkùnrin tí ń jìjàkadì ni ọkọ nígbà náà. Òwò tí ó ń ṣe kò pẹ́ tí ó fi dojú dé, gbèsè sì wọlé tọ tọkọtaya náà. Ìyàwó tuntun tí ó wọlé ní ọdún yìí, tí òwò ọkọ rẹ̀ sì ṣubú kété lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí ó gbé wọlé. Wọn kò tìtorí èyí padà sílé bàbá wọn.

Ní 1944, ọkọ wọn lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Títí di ìparí 1946 ni ó wà níbẹ̀. Màmá dúró sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Ọjà ni wọ́n ń ná láti fi bọ́ ilé. Èyí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn: kí ọkọ tó di agbẹjọ́rò, kí ó tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé fi ń rántí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ìyàwó ti ń dá owó ọjà kọ sórí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà òwò Màmá gbòòrò. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń kó aṣọ léèsì wọ orílẹ̀-èdè wa. Ní 1957 àwọn ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company fi ṣe aṣojú fún títa ọjà wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ohun tí a fi ń kọ́ni nípa sìgá. A kò sì sọ ọ́ láti yìn ín. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé òmìnira kò tí ì dé, òwò ńlá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, síbẹ̀ obìnrin kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ débi tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹni tí ó bá mọ òwò mọ ohun tí irú ipò bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn. Nínú ọjà wa, ìyá olówò ńlá a kó ẹrù láti ilé-iṣẹ́, a fi í lé àwọn alágbàtà lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ gba owó. Wọn a tà á, wọn a dá owó ẹrù padà, èrè á sì kù sí wọn lọ́wọ́. Báyìí ni obìnrin tí kò ní kọ́bọ̀ ṣe ń di ọlọ́jà. Fífúnni ní ẹja dára, ṣùgbọ́n fífi àwọ̀n lé ènìyàn lọ́wọ́ dára jù ú lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kíyè sí i dáadáa. Ìlawọ́ Màmá kò ti ojú ọ̀run já bọ́, kì í sì í ṣe àpò ọkọ nìkan ni ó ti ń wá. Ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ni ó di ọwọ́ tí ń fúnni. Ìwé Òwe orí 31 ti ṣe àpèjúwe irú obìnrin yìí fún wa: kí a tó rí i tí ó na ọwọ́ sí tálákà, a ti kọ́kọ́ rí i nídìí òwú, nínú oko àti nídìí ọjà.

ỌJỌ́ 79 NÍNÚ ỌDÚN 1963

Ìlawọ́ rọrùn nígbà tí ayọ̀ bá wà nílé. Ọjọ́ ìbànújẹ́ ni a fi ń mọ ìlẹ̀kùn tí ó ní ìsọdá gidi.

Ní 1962 ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kan Olóyè Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ náà wà nílé ẹjọ́ nígbà tí Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ní 10 oṣù keje ọdún 1963. Ọmọ ọdún 24 ni. Agbẹjọ́rò ni bíi ti bàbá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún.

Kí omijé ọ̀fọ̀ tó gbẹ, ní 11 oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ dá Olóyè Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ní 27 oṣù kẹsàn-án kan náà, a bí ọmọ tí Ṣẹ́gun fi sílẹ̀ sínú oyún. Ọkùnrin ni. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ kà á wò: láti ọjọ́ tí àkọ́bí kú títí di ọjọ́ tí a bí ọmọ ọmọ yìí, ọjọ́ 79 péré ni. Láàrin ọjọ́ 79, ìyá kan sin àkọ́bí rẹ̀, ó rí ọkọ rẹ̀ tí ó ń lọ sẹ́wọ̀n, ó sì gba ọmọ tuntun tí kò ní í mọ ojú bàbá rẹ̀ mọ́wọ́. Àwọn ọmọ yòókù ń wo ojú ìyá. Àwọn ará ilé ń wo ojú ìyá. Àwọn tí ó ti ń jẹun nídìí òṣèlú ọkọ, àwọn kan nínú wọn ti sá lọ.

Bí Màmá bá ti ìlẹ̀kùn ní ọdún náà, ta ni ì bá dá wọn lẹ́bi? Ṣùgbọ́n wọn kò tì í. Ọjà tí wọ́n ti ń ná láti ọjọ́ pípẹ́ di ọ̀pá ìtìlẹ́yìn ilé. Wọ́n ń lọ wo ọkọ wọn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n títí dé Kàlàbá, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìdìbò 1964 dé, tí ẹgbẹ́ ọkọ wọn àti ẹgbẹ́ NCNC di ọ̀kan lábẹ́ àsíá UPGA, Màmá bọ́ sí ìta, wọ́n ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Obìnrin tí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ sí ìyá tí ń gba àlejò nínú ilé di ẹni tí ó gun pèpéle níwájú ogunlọ́gọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, ìjọba Ọ̀gágun Gowon tú Olóyè Awólọ́wọ̀ sílẹ̀, ó sì bá ilé rẹ̀ lórí ìdúró.

Ọmọ tí a bí ní oṣù kẹsàn-án 1963 ńkọ́? Lábẹ́ ìtọ́jú bàbá àgbà àti ìyá àgbà ni ó ti dàgbà. Ó di agbẹjọ́rò bíi bàbá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ àgbà, ní 2013 ó sì di olórí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí kíkó ọjà Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ ọmọ tí kò ní bàbá pọ̀ nínú ìjọ wa. A mọ̀ yín. A rí yín ní òwúrọ̀ tí ẹ ń fa ọwọ́ wọn lọ sí ilé-ìwé. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ kò mọ ẹni tí ẹ ń tọ́.

ỌDÚN 28 GẸ́GẸ́ BÍ OPÓ

Ní 9 oṣù karùn-ún ọdún 1987, Olóyè Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó ti lé ní ọdún 49 tí wọ́n ti jọ wà. Ọkọ náà kò fi ìmọrírì rẹ̀ pa mọ́ nígbà ayé rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1960, ó sọ fún gbogbo ayé pé ohun iyebíye tí a kò lè díye lé ni ìyàwó òun. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́: ojú ayé ni ó ti sọ ọ́. Kò dúró kí wọ́n tó kọ ọ́ sára òkúta ibojì.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú opó ń rí ní ilẹ̀ wa. Ọkọ á kú lónìí, lọ́la àwọn ẹbí á ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé àti ìwé ilẹ̀. Àwọn kan á ní òun ni ó pa á. Àlejò tí ń wá á dín kù, ìkòkò ńlá á di èyí tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Jákọ́bù orí 1 ẹsẹ 27 ti fi ọ̀rọ̀ àwọn opó àti àwọn aláìníbaba ṣe òṣùwọ̀n ìsìn tòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹbí tí ń kọrin nínú ìjọ kò tí ì ka ẹsẹ náà nínú ilé ara wọn.

Ti Ìkẹ́nnẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá gba àbójútó ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé ìròyìn Tribune, èyí tí ọkọ wọn dá sílẹ̀ ní 1949, wọ́n sì jẹ́ alága rẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kò kú. Ilé ní Ìkẹ́nnẹ́ kò sì dákẹ́. Àwọn olóṣèlú tí kò lè jókòó pọ̀ níbòmíràn ń wá síbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ di gómìnà ń wá, ẹni tí ó fẹ́ di ààrẹ ń wá. Ní ọjọ́ ogbó wọn, nígbà tí ìyapa wọ àárín àwọn àgbà Yorùbá, Màmá pè wọ́n sí Ìkẹ́nnẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n ń pè wọ́n ní Yèyé Oòduà. Oyè náà bá iṣẹ́ wọn mu.

Ìbànújẹ́ kò tán lójú ọ̀nà o. Ní 2013, nígbà tí Màmá ti di ẹni ọdún 97, Olúwọlé, ọmọ wọn ọkùnrin tí ó ń darí ìwé ìròyìn náà, kú. Ó ti di ọdún 50 tí wọ́n ti sin Ṣẹ́gun. Ìyá kan sin ọmọ ọkùnrin méjì, àárín ìkíní àti ìkejì sì jẹ́ ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi bo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ kí wọn lẹ́yìn náà bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Ọmọ àti ọmọ ọmọ ti ń múra ọjọ́ ìbí ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí Olúwa pè wọ́n ní Sátidé, 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Ó ku ọjọ́ 67. Ní 25 oṣù kọkànlá, ọjọ́ gan-an tí ì bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ni a sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Igbákejì Ààrẹ orílẹ̀-èdè ní ọdún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó tún jẹ́ pásítọ̀ nínú Ìjọ Ìràpadà tí àgọ́ rẹ̀ wà ní ọ̀nà Mowe níbí, àna ilé náà ni: ọmọ ọmọ Màmá ni ìyàwó rẹ̀, Dọlápọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN OPÓ JỌ́PÀ FI HÀN PÉTÉRÙ

Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 9, a kà nípa Tàbítà tí wọ́n ń pè ní Dọ́kásì, ní ìlú Jọ́pà. Nígbà tí ó kú, àwọn opó kò ka ìwé oríkì fún Pétérù. Aṣọ tí ó rán fún wọn ni wọ́n nà sókè kí àpósítélì náà lè rí i. Ẹ̀rí ọwọ́ ni wọ́n mú wá.

Ohun tí ó wù wá láti béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù nìyí: bí wọ́n bá pè wá lọ́la, kí ni àwọn ènìyàn yóò nà sókè? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Oúnjẹ tí a fi fún ènìyàn kò lè ra ìgbàlà. Oore-ọ̀fẹ́ ni, nípa ìgbàgbọ́ nínú Jésù, gẹ́gẹ́ bí Éfésù orí 2 ti wí. Ṣùgbọ́n orí kan náà sọ pé a dá wa fún iṣẹ́ rere. Igi tí ó bá wà láàyè yóò so èso.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ WA NÍ MOWE, ÌBÀFÒ ÀTI ÌFỌ̀

Ẹnìkan lè sọ pé, "Pásítọ̀, ìyàwó ẹni ńlá ni èyí. Èmi ń ta gàrí ní Ìfọ̀ ni." Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ẹni tí ó jẹ gbèsè ni wọ́n. Nítorí náà a mú ẹ̀kọ́ mẹ́rin wá síwájú yín.

Èkíní, ẹ fi èrè fúnni, ẹ má ṣe fi ojú owó fúnni. A ti rí ọ̀pọ̀ ìyá aláàánú tí ọjà wọn kú nítorí pé àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ìyá ń yá owó tí wọn kò dá padà. Ẹni tí ó jẹ́ kí ojú owó tán ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ì bá wá lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀. Ẹ ya ìdámẹ́wàá sọ́tọ̀. Ẹ ya ti aláìní náà sọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ní agbègbè wa yìí, Ọ̀fàdà tí ìrẹsì ti gba orúkọ kò jìnnà sí Mowe. Àgbẹ̀ ìrẹsì kankan kì í jẹ irúgbìn rẹ̀ tán, nítorí ó mọ̀ pé òjò ọdún mìíràn ń bọ̀.

Èkejì, ẹ fi iṣẹ́ fúnni. Ọmọbìnrin tí ó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹrú. Ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ọjà. Ní ọjọ́ tí yóò lọ, ẹ fi ẹrù díẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbànújẹ́ ti ìlẹ̀kùn yín. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ lè sunkún, Olúwa wa pàápàá sunkún ní ibojì Lásárù. Ṣùgbọ́n ẹkún kò ní kí a lé àlejò. Nígbà mìíràn, ọmọ aláìlóbìí tí a fún ní àmàlà ní alẹ́ ọ̀fọ̀ ni Ọlọ́run fi ń tu ìyá tí ó se é nínú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin bàbá, ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ojú ayé. Ọkọ tí ó ń jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ fún ọdún 30, tí ó ń kó àlejò wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, tí kò sì dúpẹ́ rí, gbèsè ni ó ń jẹ.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ỌMỌ

Ẹ̀yin ọmọ tí ìyá yín ṣì wà láàyè, ẹ̀yin ni a fẹ́ bá parí ọ̀rọ̀ yìí. Ìnáwó òkú kò le tó ìtọ́jú alààyè. Owó tí a fi ń ra aṣọ ẹbí àti màlúù, bí a bá mú díẹ̀ nínú rẹ̀ sẹ́yìn, á ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, á tún òrùlé Màmá ṣe, á fi kún ọjà wọn.

Kí Màmá tó lọ, ẹ jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ẹ béèrè àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ẹ ó gbọ́ orúkọ tí ẹ kò mọ̀ rí: opó kan lẹ́yìn ojú irin ní Ìfọ̀, ọmọ kan tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìbàfò, arúgbó kan tí wọ́n ń gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ fún ní ọjọ́ ọjà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ta ni ó jẹ wọ́n lówó àti ta ni wọ́n jẹ, kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ẹ pín in láàrin ara yín: ẹ̀gbọ́n mú ọmọ ilé-ìwé, àbúrò mú opó, ẹni tí ó wà ní òkèèrè fi owó ránṣẹ́. Kí ẹ sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa wá ṣí ilé, kí ó gbálẹ̀, kí ó sì dáná níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ogún tí ó ṣòro láti jẹ ni èyí. Ilẹ̀ rọrùn láti pín, wúrà rọrùn láti pín, àwọn ènìyàn tí ìyá wa ń bọ́ ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbà nínú ogún. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni ìyá kò ní gbàgbé ní ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀. Ọmọ tí ó gba ilé ìyá, tí kò gba aládùúgbò ìyá, kò tí ì jogún ìyá rẹ̀.

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìyẹ̀fun opó Sáréfátì tán nínú ìkòkò, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ìkòkò àwọn ìyá wa gbẹ. Kí Ó fún àwọn tí ó ń tọ́ ọmọ ọmọ ní agbára. Kí Ó ṣí ojú àwọn ọkọ láti mọrírì aya wọn. Kí Ó sì fún àwa ọmọ ní ọkàn tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ ìyá, láti fi ṣí ìlẹ̀kùn, kì í ṣe láti fi tì í. Ní orúkọ Jésù. Àmín.